Láti ilé ìlera abúlé dé Ṣàgámù: bí ilé ìwòsàn ṣe ń sìn wá ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn bá délẹ̀ láàárín àwa ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ilé la sábà máa ń kà: èwo ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, èwo ni gómìnà wá ṣí tìlùtìfọn, èwo ni òrùlé rẹ̀ ti ń jò láti ọjọ́ pípẹ́. N kò sọ pé ilé kò ṣe pàtàkì. Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti bá ẹbí àti ará kiri ilé ìwòsàn ní agbègbè yìí, ohun tó yé mi ni pé ìrìn láti ilé ìwòsàn kan sí èkejì ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a máa ń sọ pé ilé ìwòsàn ló pa wọ́n. Bí aláìsàn ṣe máa kúrò ní ilé ìlera abúlé, ẹni tó máa gbé e, iye tí wọ́n máa bi í léèrè bó bá dé ibi tí wọ́n ní kó lọ, àti bóyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń bọ̀, lórí nǹkan wọ̀nyí ni mo fẹ́ kọ̀wé lónìí.

Ẹni tó bá dúró ní Èkó wo Ìpínlẹ̀ Ògùn lè rò pé ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kún ibẹ̀, nítorí Ọ̀tà àti Àgbárá ló súnmọ́ ọn. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976 yìí, tí ìkànìyàn ọdún 2006 sì ka ènìyàn 3,751,140 níbẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti wọ́ọ̀dù 236, abúlé oko ló sì pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù náà. Kí ènìyàn kọjá Ìjẹ̀bú-Òde sí ọ̀nà Ìbíadé àti Àbígí, tàbí kó gba ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Igbó wọ inú oko kòkó àti ibi tí àwọn lagilagi ń ṣiṣẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ọ̀dà ojú ọ̀nà ti tán, pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù ń lọ ó ń bọ̀, àti pé ọ̀kadà nìkan ni ọkọ̀ tó kù. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ló ń gbin ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gaàrí tí gbogbo ayé fi mọ̀ wá.

Bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀, ètò ìwòsàn wa ní ipele mẹ́ta. Ilé ìlera alábọ́dé ti wọ́ọ̀dù ló wà nísàlẹ̀, fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú aboyún, ìgbẹ̀bí tí kò ní wàhálà, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ló tẹ̀ lé e, èyí tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń pè ní Jẹ́nẹ́rà: ti Ìjẹ̀bú-Òde ló tóbi jù lọ́dọ̀ wa, ti Ìjẹ̀bú-Igbó àti ti Ìṣarà náà sì wà pẹ̀lú àwọn mìíràn. Lókè pátápátá ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Fásitì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1986. Ìjọ Adventist náà ní tiwọn ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, lábẹ́ Fásitì Babcock, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ẹni tó bá ní owó rẹ̀ yóò rí ìtọ́jú gidi gbà níbẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí. Ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn ńlá ti Ìdí-Àbà ní Abẹ́òkúta, òun náà ló ń gbọ́ ti Aro, ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ti ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950 tó sì jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn. Ti Ṣàgámù kò rí bẹ́ẹ̀. Àpò ìpínlẹ̀ ló gbé e dúró, bí ìpínlẹ̀ bá sì ṣe ní lọ́wọ́ sí ni ilé ìwòsàn náà ṣe ń rí. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fi ti Ṣàgámù wé ti Ìdí-Àbà fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń sanwó oṣù.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé ìlera abúlé, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ ó rò pé kò sí ìṣòro kankan. Àwọn ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń kọ orin tí nọ́ọ̀sì fi ń kọ́ wọn ní ìtọ́jú ọmọ, òṣìṣẹ́ ìlera ń gbé ọmọ lé ìwọ̀n, ó ń kọ iye tó wọ̀n sínú káàdì. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Nígbà tí wọ́n kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò polio ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, tó jẹ́ pé Nàìjíríà ló kẹ́yìn gbogbo orílẹ̀-èdè tó ṣì ní in, irú àwọn òṣìṣẹ́ báwọ̀nyí ló ti fi ẹsẹ̀ rìn ín láti ojúlé dé ojúlé. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tó wà ní Ìlèsè-Ìjẹ̀bú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe wọn la máa ń dárúkọ bí a bá ń yin àwọn oníṣègùn.

Àmọ́ kí ẹ padà débẹ̀ lálẹ́. Àgádágodo lẹ máa bá lẹ́nu ọ̀nà púpọ̀ nínú wọn. N kì í dá òṣìṣẹ́ náà lẹ́bi: ìjọba kò kọ́ ilé fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́, nítorí náà Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù ló ti ń wá, owó ọkọ̀ ń jẹ owó oṣù rẹ̀, iná kò sí, ọlọ́dẹ kò sí, obìnrin sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Ta ló fẹ́ kí aya tàbí ọmọ òun dá sùn sí irú ibẹ̀? Ṣùgbọ́n obìnrin kì í wo aago kó tó rọbí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ìyálọ́mọ lẹ́yìn ìbímọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá a dúró, ó lè kú láàárín wákàtí méjì, kódà ó lè má tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní oxytocin ló máa ń mú kí ilé ọmọ sún kì kí ẹ̀jẹ̀ náà lè dá, àmọ́ inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ agbára rẹ̀ yóò máa dín kù nínú ìgò láìjẹ́ pé ojú rí i. Nọ́ọ̀sì tó gún un fún aboyún ní ibi tí fíríìjì ti kú láti oṣù tó kọjá lè rò pé òun ti ṣe iṣẹ́ òun. Oògùn oníhóró tó ń jẹ́ misoprostol kò nílò fíríìjì, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kò yẹ kó wọ́n ní abúlé kankan, pẹ̀lú magnesium sulphate fún àwọn aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá mú kí gìrì gbé. Àwọn oògùn wọ̀nyí kò wọ́n tó owó ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri.

Nítorí àgádágodo yìí ni ilé agbẹ̀bí kò fi lè tán. Àwọn kan máa ń sọ pé àìmọ̀ ló ń gbé àwọn obìnrin lọ síbẹ̀. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí wà nílé lóru, ó ń gba owó díẹ̀díẹ̀, bó bá sì jẹ́ ti ìjọ, wọn yóò gbàdúrà fún aláboyún láti ìgbà tí oyún ti wà ní oṣù mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó máa pariwo mọ́ ọn pé kí ló dé tí kò mú aṣọ tó mọ́ wá. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Mo mọ obìnrin tó kàwé dáadáa tó sọ fún mi pé òun fara mọ́ ẹni tó ń pe òun ní "ìyá ìkókó" ju ẹni tó ń pe òun ní "ìwọ" lọ. Ìjọba ìbá fi orúkọ àwọn agbẹ̀bí wọ̀nyí sílẹ̀, kí wọ́n kọ́ wọn ní àmì tó fi hàn pé ó ti kọjá agbára wọn, kí wọ́n sì fún wọn ní nǹkan tó jọjú fún aboyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tètè mú wá sí ilé ìlera. Bí a bá kàn ń lé wọn, inú yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi ń gbé ní oko kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ òsì wọn kò gbé mọ́, ẹnu wọn sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àrùn ẹ̀gbà ni, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe máa ń fà á. Wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìlera tí ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ti bàjẹ́, láti ibẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan tí dókítà wà lóòótọ́ àmọ́ tí kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ọpọlọ. Dókítà náà kọ ìwé lé wa lọ́wọ́ pé kí a máa gbé wọn lọ síwájú. Nígbà tí a dé ibi tó tóbi náà, nọ́ọ̀sì ka ìwé náà tán, ó wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé wọ́n pè wá kí wọ́n tó ní kí ẹ máa bọ̀?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Oògùn wo ni wọ́n ti fún bàbá?"

Ìwé náà kò sọ. "Fún ìtọ́jú síwájú sí i" ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ orí àti ìbuwọ́lùwé. Kò sí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà, a tún wọ ọkọ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì tó bá dí iṣan ọpọlọ gbọ́dọ̀ wọ ara láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí àwòrán bá ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò ya sínú ọpọlọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n ya àwòrán bàbá. Wọ́n yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ ọwọ́ náà kò padà sípò. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo àwọn tí a bá pàdé lọ́jọ́ náà tó kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Olúkúlùkù ṣe tirẹ̀ níbi tó wà, ó sì nawọ́ síta pé ibòmíràn ló kàn.

Ti àwọn ará etí omi ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside tún burú ju èyí. Ẹni tó ń gbé ní Màkún-Omi tàbí Òde-Omi ní láti ronú ọkọ̀ ojú omi kó tó ronú ọkọ̀ ilẹ̀, bí ó bá sì di òru, owó epo ọkọ̀ náà di ti ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn kan máa ń gba ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Aláìsàn kò mọ ààlà ìpínlẹ̀.

Ní ti Ṣàgámù, ibi tí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn náà sí ló ń darí irú iṣẹ́ tó ń bá pàdé. Ìkóríta ni Ṣàgámù, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn àti èyí tó ń lọ sí Bìní ló pàdé níbẹ̀, ìjàǹbá ọkọ̀ sì pọ̀ lórí méjèèjì. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá gbé wọlé kì í ṣe ọmọ Rẹ́mọ, kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ wa rárá. Àjòjì ni, kò lè sọ̀rọ̀, kò sí ẹbí tó máa sanwó tàbí tó máa fún un lẹ́jẹ̀. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́, okùn ìránṣọ, omi dírípù àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí wọ́n lò fún àjòjì náà kò tinú òfin wá, inú àpótí ilé ìwòsàn ló ti wá, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì dá owó rẹ̀ padà, ìyàwó àgbẹ̀ tó dé láti Ìṣarà ní ọ̀la ni wọ́n máa sọ fún pé kó lọ ra ìbọ̀wọ́ níta. Òfin yìí kan náà ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, sọ́tọ̀ nínú owó ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn sì jẹ́ ti pàjáwìrì. Èrò mi ni pé ó yẹ kí ilé ìwòsàn tó bá wà ní irú ìkóríta báyìí gba ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀. Àwọn bàbá wa ṣì máa ń rántí pé nígbà Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, wọ́n sì rántí ìgbà tí Olabisi Onabanjo jẹ́ gómìnà Ògùn láti 1979 sí 1983, tí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ìlérí mẹ́rin tí UPN, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọrọ̀ ajé dojú rú, owó káàdì wọlé, owó oògùn wọlé, owó àsansílẹ̀ náà sì tẹ̀ lé wọn. Lónìí, òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ wa sì ti gbìyànjú irú rẹ̀ ṣáájú, ètò tí wọ́n pè ní Àráyá. Òṣìṣẹ́ ìjọba rọrùn láti kó sínú ètò báyìí, wọn yóò kàn yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Ta ni yóò yọ ọ́ lọ́wọ́ ìyá tó ń yan gaàrí?

Àwọn kan ní àwọn tálákà kò lè san án ni. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú kò mọ bí owó ṣe ń rìn láàárín wa. Aláàjọ ń gba owó lọ́wọ́ ìyá yìí kan náà ní ojoojúmọ́, òjò ìbáà rọ̀, èsúsú sì ti wà kí báńkì tó dé. Ó ń san án nítorí ó mọ aláàjọ náà, ó mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí owó òun yóò jáde. Ti adójútòfò, ó gbé káàdì rẹ̀ dé ilé ìlera, wọ́n ní oògùn ti tán, ó lọ fi owó ara rẹ̀ ra á níta. Ẹ má retí pé yóò tún un san lọ́dún tó ń bọ̀. Mo rò pé kí wọ́n fi oògùn ibà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà kún ilé ìlera kan ní wọ́ọ̀dù kan fún ọdún kan gbáko, láìjẹ́ kó tán rárá, kí wọ́n tó rán ẹnikẹ́ni lọ polówó káàdì níbẹ̀. Àwọn aláàjọ gan-an ni mo máa fi ṣe agbowó rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá àwọn ará ilé mi sọ̀rọ̀ ni ti regbérégbé, àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ ara wọn máa ń dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Lọ́dọọdún tí Ojúde Ọba bá dé, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, a máa ń rí ẹwà aṣọ àti ẹṣin, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa owó tí àwọn regbérégbé ń ná sí ìlú. Wọ́n ń ṣe gudugudu méje. Àmọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ràn láti fi tọrẹ, torí ẹ̀rọ ṣe é yà fọ́tò sí. Mo ti rí ẹ̀rọ tuntun tó wà nínú ọ̀rá rẹ̀ síbẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan, nítorí iná tó ń jẹ pọ̀ ju èyí tí jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ lè gbé, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wà ní Èkó. Bí ẹgbẹ́ kan bá kọ́ ilé oníyàrá méjì fún nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlera abúlé, tí wọ́n gbé iná oòrùn sórí rẹ̀, tí wọ́n sì fi fíríìjì oògùn kan sínú rẹ̀, wọn yóò ti ṣí àgádágodo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kò ní dán nínú fọ́tò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tilẹ̀ rí ibi kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí ju ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ.

Ti àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń lọ sí òkè òkun, ẹ ti gbọ́ ọ púpọ̀ níbòmíràn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń jáde ní Ìlèsè kò rọrùn fún òkè òkun láti gbà bí nọ́ọ̀sì àti dókítà, nítorí ìwé ẹ̀rí wọn bá ilé ìlera wa níbí mu ju ti ibòmíràn lọ. Àwọn ló máa kù síbí pẹ̀lú wa, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ kẹ́yìn.

Ohun tí kò ní náni lówó púpọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìpè. Kí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní nọ́ńbà kan tí ẹnì kan ń gbé e tọ̀sán-tòru, kí nọ́ńbà náà wà lára ògiri gbogbo ilé ìlera tó yí i ká, kí òṣìṣẹ́ tó bá kọ ìwé fún aláìsàn pe ibẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, kó sọ ohun tó ṣe é, oògùn tó ti gbà àti irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, kí ẹni tó gbé fóònù sì sọ bóyá bẹ́ẹ̀dì wà tàbí kò sí. Kí ìjọba ìbílẹ̀ bá ẹgbẹ́ ọlọ́kadà àti ti awakọ̀ ṣe àdéhùn iye owó láti abúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa san án fún awakọ̀ ní ìparí oṣù, kó má baà jẹ́ ẹnu aboyún tó ń rọbí ni wọ́n ti máa ná an. Mo ti bá alága ẹgbẹ́ awakọ̀ kan sọ ọ́. Ó ní àwọn ṣe tán, pé ẹni tó máa buwọ́ lù ú ní ìjọba ìbílẹ̀ ni àwọn ń wá.